Aago ọ̀rẹ́ mi tó ń sáré

Nǹkan le fún ọ̀rẹ́ mi, ló bá ta aago ọwọ́ olówó iyebíye rẹ̀ fún mi. N kò ná an rárá. Ìgbà ìnira kọ́ ló yẹ kéèyàn rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, aago ti fi ìṣẹ́jú 4 sáré. Àyà mi já: ṣé ayédèrú ni? Kí n tó pe ọ̀rẹ́ mi, mo gbé kọ́ńpáàsì, ohun èlò tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń tọ́ka sí àríwá, sún mọ́ aago náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ yí bírí. Òòfà ti mú sípíríǹgì tín-ín-rín inú aago náà, àwọn ibi tó ká ń lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn ló ń mú un sáré. Ẹni tó ń tún aago ṣe fi ẹ̀rọ tó ń pa òòfà rẹ́ sí i, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mi ò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́, torí òòfà wà nínú rẹ̀.