Ohun Tó Sọ Ṣàmpéènì Di Ọ̀wọ́n, àti Wáìnì Tó Ń Hó Tó Yẹ Kí Ẹ Rà

Wáìnì tí wọ́n ṣe ní agbègbè Champagne, nílẹ̀ Faransé, láyìíká Reims àti Épernay, nìkan ló ń jẹ́ ṣàmpéènì. Òfin ti pààlà ilẹ̀ náà, ọwọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ká àjàrà rẹ̀, èyí tó ju kílò kan lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2021, òtútù pa ọ̀munú, àrùn tí òjò fà sì ba púpọ̀ jẹ́ lára èyí tó kù.

Àmọ́ ìdúró lowó ń bá lọ jù. Wọ́n á fi nǹkan bíi gíráàmù 24 ṣúgà sí lítà wáìnì kan pẹ̀lú ìwúkàrà, wọ́n á sì dé e pa sínú ìgò. Bí ìwúkàrà bá ṣe ń jẹ ṣúgà, gáàsì tó ń yọ kò ríbi gbà, á wọnú wáìnì. Oṣù 15 ni ìgò náà gbọ́dọ̀ lò lábẹ́ ilẹ̀, ó kéré tán. Ọdún 3 ni ti èyí tó bá ní ọdún ìkórè lára. Títí di ìgbà yẹn, owó olówó ti há. Tó bá dé Nàìjíríà, owó ọkọ̀, owó ibodè àti ṣíṣẹ́ náírà á tún gorí ẹ̀.

Crémant, ìyẹn wáìnì tó ń hó láti àwọn agbègbè míì nílẹ̀ Faransé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá: ti Loire, Alsace tàbí Limoux. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é, oṣù 9 ló kéré jù tó ń lò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà, níbi tó ti ń gba òórùn búrẹ́dì. Oṣù 9 náà ni Cava ti Sípéènì, ṣùgbọ́n “Reserva” ń lo 18, “Gran Reserva” 30. Reserva yìí gan-an ló tọ́ sí owó yín. Inú táǹkì ńlá ni Prosecco ti Ítálì ti ń hó, ìdí nìyẹn tí kì í fi wọ́n. Ẹ tètè mu ún, kì í ṣe ohun ìpamọ́.

Ẹ wo ara ìgò dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí wáìnì ṣe dùn tó sí. Ṣúgà inú Brut kò tó gíráàmù 12 ní lítà kan. Extra Dry jẹ́ 12 sí 17, òun ló dùn jù Brut lọ. Ẹni tó bá fẹ́ adùn gidi, Demi-Sec ni kó rà, gíráàmù 32 sí 50. Òun náà ló bá kéèkì mu, torí kéèkì máa ń mú kí Brut kan lẹ́nu.

Ẹ fi sí fíríìjì fún wákàtí 3, tàbí inú omi àti yìnyín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgò tí kò tutù máa ń tú jáde, agbára tó wà nínú rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti táyà ọkọ̀ lọ. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti tú wáyà, ẹ má gbé àtàǹpàkò kúrò lórí ìdérí. Ẹ dagun ìgò, ẹ di ìdérí mú ṣinṣin, ìgò ni kẹ́ ẹ máa yí. Ẹ bu díẹ̀ sí gíláàsì, kí ìfóòfó lọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó bu ìyókù.