Bí mo ṣe yẹ àwo orin neoclassical power metal méjì wò ní Ìkòròdú

Parabellum ti Yngwie Malmsteen, onígìtá ọmọ Sweden, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2021, àti Survive ti Stratovarius, ẹgbẹ́ olórin láti Finland, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ni mo gbé síwájú ara wọn láti kọ àyẹ̀wò wọn fún àwọn onígìtá àti onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Ìkòròdú níbí. Neoclassical power metal ni irú orin náà: rọ́ọ̀kì líle tó yára, tó ń yá ọgbọ́n orin kíláásíkà àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù lò. Jens Johansson ló so Malmsteen àti Stratovarius pọ̀: òun ló ń tẹ dùùrù fún Stratovarius láti 1995, òun náà ló sì tẹ dùùrù nínú Rising Force, àwo tí Malmsteen gbé jáde ní 1984.

Ohun tí mo ń wá kò ju ọ̀kan lọ: ṣé inú egungun orin yìí ni ọgbọ́n àwọn Bach àti Vivaldi, àwọn àgbà tó kọ orin kíláásíkà láyé àtijọ́, wà, àbí wọ́n kàn fi pa sóólò gìtá lára? Eré ọwọ́ kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. A mọ onígángan tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná, tí ìlù rẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan. Onígìtá bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú irú orin yìí.

Fáìlì ni mo kọ́kọ́ bójú tó. MP3 tó jẹ́ 320 kbps máa ń gba bíi MB 2.4 ní ìṣẹ́jú kan, àwo orin oníwákàtí kan á sì tó MB 144. Ẹni tó bá ń tún un gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, détà rẹ̀ á tán kó tó mọ ohun tó fẹ́ kọ. Ẹ rà á, ẹ gbà á sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kankan kúrò, dára jù bí àyè bá wà, torí símbálì ò sinmi nínú orin yìí, símbálì sì ni MP3 tó kéré máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ lo hẹ́dífóònù oníwáyà, kẹ́ ẹ sì pa gbogbo nǹkan tí fóònù fi ń kún básì.

Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá tó tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni básì àti ìlù ẹsẹ̀ wà, nítorí náà ó máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èèyàn á rò pé àwo náà ò ní básì, á yí ohùn sókè, gìtá á wá máa gún un létí. Ní tòsí Sábó, lẹ́yìn ìpè ìrun àsùbáà, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó gba títì, ni mo máa ń gbọ́ ọ, lórí bátìrì láptọ́ọ̀pù tí mo ti ṣáájì nígbà tí iná wà.

Kẹ́ ẹ tó fi àwo kan wé èkejì, ẹ jẹ́ kí ohùn wọn dọ́gba. Èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju ìkejì lọ ni etí á pè ní dáadáa, kódà bí ìyàtọ̀ náà ò ju decibel 1 lọ. Mo ṣe ẹ̀dà fáìlì méjèèjì, mo kó wọn sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, mo lo Loudness Normalization, mo sì fi gbogbo wọn sí -18 LUFS, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo sí létí. Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì gangan.

Ìgbọ́ àkọ́kọ́, kò sí bírò lọ́wọ́, kò sì sí dídá a dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ka bí orin ṣe ń sáré sí. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kẹ́ ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin: bí ó bá jẹ́ 42, BPM 168 nìyẹn, ìyẹn iye ìkànlù ní ìṣẹ́jú kan. Bí snare, ìlù kékeré tó máa ń dún pá-pá, bá fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n dé ègbè, kì í ṣe pé eré dínkù, onílù ló pín in sí méjì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ àyẹ̀wò ló ń ṣìṣe níbẹ̀. Ní 168, bí ẹsẹ̀ méjèèjì onílù bá ń lù mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìkànlù kọ̀ọ̀kan, ó ju 11 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí gbogbo ìlù ẹsẹ̀ yẹn bá dún dọ́gba láìsí èyí tó rọ̀ tàbí tó le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi tún un ṣe, ẹ sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Básì ni iṣẹ́ gan-an wà. Harmonic minor, ìtò ohùn tí gbogbo wọn ń lò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ sol-fa ti mọ̀ ọ́n: l t d r m f se l. Láti f dé se, kíì mẹ́ta lẹ máa rìn lórí dùùrù, àlàfo yẹn ló fún orin yìí ní adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi í ṣe sóólò. Ohun tó fi hàn pé orin náà jinlẹ̀ ni bí básì ṣe ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ èyí: l r s d f t m l. Kọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú A minor ni Am, Dm, G, C, F, Bdim, E, Am. Vivaldi lo ìrìn yìí gan-an, àwọn onípower metal náà ò sì jẹ́ kó sinmi. Nítorí náà, mo gbàgbé sóólò, mo fi ẹnu kọ básì orin kọ̀ọ̀kan. Bí básì bá dúró sórí l láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí gìtá ń sá sókè sá sódò lórí rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n kùn ún.

Ọ̀rọ̀ fugue, orin tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa ń wọlé tẹ̀ léra pẹ̀lú orin kan náà, ńkọ́? Wọ́n ti lò ó nílòkulò. Ẹni tó bá ti kọ Hallelujah ti Handel nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ̀ ọ́n dáadáa: níbi “And He shall reign”, básì ló kọ́kọ́ wọlé, tẹ́nọ̀ tẹ̀ lé e, áltò, lẹ́yìn náà sopránò, ẹni àkọ́kọ́ ò sì dákẹ́ nítorí ẹnì kejì. Bí gìtá àti dùùrù bá jọ ń sáré lórí ohùn kan náà, ó lè dùn gan-an, àmọ́ kì í ṣe fugue.

Fún sóólò, mo lo Change Tempo nínú Audacity, mo dín in kù sí ìdajì. Ẹ má lo Change Speed, torí yóò fa ohùn wálẹ̀. Nínú sweep picking, ọwọ́ ọ̀tún á gbá lórí okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ òsì á sì máa gbé ìka kọ̀ọ̀kan kúrò lásìkò. Bí ìka bá pẹ́ lórí okùn, ohùn méjì á dún pọ̀ bíi kọ́ọ̀dù. Ẹ tún ṣọ́ diminished, kọ́ọ̀dù tó máa ń dún bí ẹni tí kò tíì délé, t r f se. Kíì mẹ́ta-mẹ́ta ló wà láàárín wọn, nítorí náà wọ́n lè gbé e sókè títí láìronú. Ẹ wo ibi tó bọ́ sí: bó bá já sí l pẹ̀lú básì, ó ní ìdí.

Malmsteen máa ń rọ okùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀ ní ìdajì ohùn, nítorí náà ìrísí D minor lọ́wọ́ rẹ̀ á dún ní C# minor. Kẹ́ ẹ tó kọ kíì (ìyẹn ohùn ìpìlẹ̀) orin bíi “Presto Vivace in C# Minor”, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí dùùrù, kẹ́ ẹ sì rí i pé transpose tẹ́ ẹ lò ní ṣọ́ọ̀ṣì ti padà sí 0.

Orin 10 ló wà nínú Parabellum, mẹ́rin péré ló ní ohùn ènìyàn, nítorí náà ẹ má fi ègbè dá a lẹ́jọ́. Survive ní 11, “Voice of Thunder” tó gbẹ̀yìn sì lé ní ìṣẹ́jú 11. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́ ìyẹn, torí etí tó ti rẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Lauri Porra tó ń ta básì níbẹ̀ jẹ́ ìran Sibelius, olùkọ orin kíláásíkà ọmọ Finland, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ó dùn ún mọ̀, àmọ́ básì là ń gbọ́, a ò gbọ́ ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ ọ́, gbogbo ohun tí mo yìn tàbí tí mo bú ló ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá níwájú, kí ẹni tó bá ṣe iyèméjì lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Nínú Parabellum, egungun náà wà níbẹ̀, àmọ́ gìtá dúró síwájú gbogbo nǹkan débi pé ó ṣòro láti bá básì rìn. Nínú Survive, orin ni olórí, gìtá àti dùùrù ń sìn ín. Ẹ̀yin onígìtá tẹ́ ẹ ń kọ́ ọwọ́, ẹ mú Parabellum. Ẹ̀yin onídùùrù àti ẹni tó ń kọ orin fúnra rẹ̀, Survive ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.