Kí Fáànù Ńlá Tó Dé Oko Yín: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Béèrè

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun fẹ́ ri ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná mọ́ orí òkè abúlé yín, ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé kò ní máa pariwo?" Ìbéèrè tó dáa ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wúwo jù. Ilẹ̀ ni, àti ọ̀nà tí wọ́n máa là dé ibẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ ńlá lè gùn tó mítà 50. Ọkọ̀ tó gbé e kò lè yí kọ́nà lójú ọ̀nà oko. Wọ́n máa fẹ ọ̀nà, wọ́n máa gé igi, wọ́n máa da kọnkéré sínú ihò ńlá. Bí wọn ò bá ṣe gọ́tà, òjò àkọ́rọ̀ ló máa wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ sínú oko ìsàlẹ̀ àti odò tí ẹ ń pọn. Ẹ bi wọ́n pé: ibo ni omi máa gbà? Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú yín; máàpù nìkan ò tó. Ẹ fi ọ̀nà màlúù náà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá fi ọgbà dí i, inú ẹ̀gẹ́ yín ni màlúù máa gbà.

Láti ọdún 1992 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àyíká kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ó nípọn, èdè Òyìnbó sì ni. Ẹ wá ọmọ yín kan tó kàwé, kó ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ abúlé yín, kó sì sọ fún yín ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀.

Kó wo oṣù tí ìwé náà ní wọ́n ka ẹyẹ abúlé yín. Lékèélékèé tó ń bá wa ṣe ẹ̀ẹ̀rùn kì í sí nílé lójò, nítorí náà, kíkà ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Ṣé wọ́n dúró lóru ka àdán? Àdán tó ń lá omi dídùn òdòdó igi ìgbá ló ń jẹ́ kó so, ibẹ̀ sì ni irú ọbẹ̀ wa ti ń wá. Abẹ̀bẹ̀ yìí ń pa àdán, pàápàá lálẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò le. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná tó máa bá a lọ ò tó nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ariwo, ẹ bèèrè iye mítà tó wà láàárín ẹ̀rọ àti ilé tó sún mọ́ ọn jù. Òjìji abẹ̀bẹ̀ náà máa ń ṣẹ́ wọ yàrá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí wọ́n sanwó irúgbìn àti ilé. Kò ní kí wọ́n san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà. Nítorí náà, ẹ ka kókó, kaṣú àti ìgbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn kí awọnlẹ̀ tó dé, kí aládùúgbò oko wà níbẹ̀.

Ibùdó irú ẹ̀rọ yìí tó wà ní Lambar Rimi ní Kàtsínà, ẹ̀rọ 37 péré ni, agbára iná rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 10. Ti Kenya létí adágún Turkana jẹ́ ẹ̀rọ 365. Àwọn ẹ̀rọ náà ti ń yí kí ilé ẹjọ́ ní Meru, ní Kenya níbẹ̀, tó sọ lọ́dún 2021 pé wọn ò gba ìwé ilẹ̀ tí wọ́n rì wọ́n sí bó ṣe tọ́.

Bí wọ́n bá gbé ìwé wá sípàdé kí ẹ tẹ̀ka sí i, ẹ ka àkọlé rẹ̀ ná. Ṣé ìwé àwọn tó wá sípàdé ni, àbí ìwé ìyọ̀ǹda? Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ baálẹ̀, èkejì lọ́wọ́ ìyálọ́jà, kí wọ́n tó gbé e lọ.