Òkúta Yanrìn Ní Ìkòròdú: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Orísun Rẹ̀

Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìkòròdú, ilẹ̀ pupa ni ẹ máa kọ́kọ́ bá. Àwọ̀ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: wọ́n rí yanrìn pupa, wọ́n ní ara òkúta pupa ló ti wá. Irin tó dípẹtà lára hóró yanrìn ló sọ ọ́ di pupa, ibi tó wà yìí náà ló sì ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ má fi àwọ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ má sì bu yanrìn tí típà dà síwájú ilé tí wọ́n ń kọ́. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti wà á?

Èyí tó burú jù ni ti quartz, hóró líle tó ń dán bíi gíláàsì tó pọ̀ nínú yanrìn. Feldspar, irú hóró mìíràn, ló pọ̀ jù nínú akọ òkúta granite, ṣùgbọ́n òjò àti ooru máa ń sọ feldspar di amọ̀, quartz a sì ṣẹ́kù. Ẹni tó bá rí quartz tó pọ̀ lọ jàra, tó wá ní dandan ni kó jẹ́ pé òkúta yanrìn mìíràn ló wó tó di èyí, ti kánjú. Lágbègbè odò Orinoco ní Gúúsù Amẹ́ríkà, yanrìn kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ quartz pátá, bẹ́ẹ̀ ara akọ òkúta ló ti wá tààrà.

Ẹ má sì sá lọ sí ìdà kejì, kí ẹ ní gbogbo quartz ló wá tààrà láti ara akọ òkúta. Odò Ògùn ń ṣàn láti ìhà Ṣakí gba Abẹ́òkúta wọ inú ọ̀sà nítòsí Ìkòròdú, òkúta yanrìn àtijọ́ sì wà láàárín ọ̀nà. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú lè ti wọkọ̀ ní Ṣakí, kó sì ti sùn mọ́jú ní Abẹ́òkúta; bẹ́ẹ̀ ni yanrìn náà ṣe lè kọ́kọ́ dúró nínú òkúta yanrìn àtijọ́ kó tó dé ibí.

Àwọn hóró tó wúwo ló máa ń tú àṣírí. Nínú bromoform, omi kẹ́míkà kan tó wúwo gan-an, quartz á léfòó, zircon, hóró kékeré tó le tó sì wúwo, á rì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ zircon, tourmaline àti rutile nìkan lẹ rí, ìyà tó jẹ yanrìn náà lójú ọ̀nà ni wọ́n ń sọ ju ìlú rẹ̀ lọ, torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí le ju kí wọ́n tètè bàjẹ́ lọ. Kyanite àti staurolite, hóró mìíràn tó wúwo, ló ń tọ́ka tààrà sí òkúta tí ooru àti ìfúnpá ti yí padà. Ní etíkun Badagry, ẹ má lọ bu ìlà dúdú tó wà lórí yanrìn nìkan: ìgbì ló ṣa àwọn tó wúwo jọ síbẹ̀, iye tí ẹ bá kà níbẹ̀ á tàn yín.

Ọjọ́ orí zircon kì í ṣe ọjọ́ orí òkúta yanrìn. Ní Jack Hills ní Ọsirélíà, zircon tó tó bílíọ̀nù 4.4 ọdún wà nínú òkúta tó kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an. Zircon tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń sọ fún wa pé òkúta náà kò lè dàgbà jù báyìí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ogún hóró zircon kò tó. Pieter Vermeesch, onímọ̀ nípa òkúta, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2004: kí ọkàn yín tó balẹ̀ dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún pé ẹ kò fo orísun kankan tó kó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ wá, hóró 117 ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àní 117 náà kò ní fi òkúta basalt, òkúta dúdú tó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá, hàn yín dáadáa, torí zircon inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀rúnrún òkúta náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá lábẹ́ máíkírósíkóòpù.