Bẹ́ ẹ bá ń ti Abuja lọ Ọsirélíà: bẹ́ ẹ ṣe máa wọgbó Daintree pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀

Àwọn òbí tó wà ní Abuja tọ́mọ wọn ti japa lọ Brisbane tàbí Sydney ti pọ̀ gan-an báyìí, bí wọ́n bá sì lọ kí ọmọ, mọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń mú wọn kiri, wọ́n á ya fọ́tò létí omi, ó parí. Tó bá jẹ́ èmi ni, àríwá ìpínlẹ̀ Queensland ni màá ní kí wọ́n mú mi lọ, kí àwọn Kuku Yalanji mú mi wọ igbó Daintree. Àwọn ló nilẹ̀ yẹn látayébáyé, ìjọba sì dá Daintree National Park padà fún wọn nínú oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n wá jọ ń bójú tó o. Ọmọ onílẹ̀ gidi nìyẹn, mi ò sọ tàwọn tó ń gbowó fáúndéṣọ̀n o.

Ìwé ìrìnnà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Fíṣà àlejò wọn, subclass 600, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ tètè ṣe é jàre. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò fífà. Ẹ̀yin màmá, mo mọ̀ pẹ́ ẹ ò ní fẹ́ lọ́wọ́ òfo lọ bá ọmọọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, ẹ fi sílẹ̀, oúnjẹ yòówù tẹ́ ẹ bá sì gbé, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ kéèyàn tó wọ̀lú, torí ẹni tó bá kọ ọ́, bó burú tán wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni, ẹni tó bá fi pamọ́ lowó ìtanràn ń bá. Bàtà tẹ́ ẹ fẹ́ fi wọgbó náà, ẹ fọ ẹrẹ̀ Abuja kúrò ńdìí ẹ̀ dáadáa, wọn ò fẹ́ yẹ̀pẹ̀ òkèèrè rárá.

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ló dáa jù láti lọ. December sí March, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré. Ẹ máa wọ bàálù lọ Cairns, láti ibẹ̀ ẹ ó fi mọ́tò lọ Mossman, ìlú tó wà létí igbó náà, ó tó bí 80 kìlómítà.

Ọ̀rọ̀ wá kan yíyan ẹni tó máa mú yín lọ. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ wò: ta ló ń fi yín mọ̀nà, ọwọ́ ta lowó yín sì ń lọ? Bí wọ́n bá kàn kọ "Aboriginal" (ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà) gàdàgbà láì dárúkọ ẹ̀yà tó nilẹ̀, ẹ fura, torí èdè tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé ju 250 lọ, ẹni tó jẹ́ onílẹ̀ níhìn-ín, àlejò ni lọ́hùn-ún. Ní Mossman Gorge Cultural Centre, ìrìn tí wọ́n ń pè ní Ngadiku wà, bíi wákàtí kan àbọ̀, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dìde nílé. Bọ́ọ̀sì wọn ló máa gbé yín wọlé, ó ń gba àárín ibi táwọn èèyàn ń gbé, ẹ má máa na fóònù sójú fèrèsé onílé.

Kẹ́ ẹ tó wọgbó, wọ́n á fi ewé tútù sórí iná, èéfín á rú, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gba inú ẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ó ń wẹ èèyàn mọ́, ó sì ń lé ohun burúkú. Mo mọ̀ pé ibí lẹlòmíì á ti rántí pásítọ̀ tàbí àfáà ẹ̀. Kò sí wàhálà, ẹ rọra sọ fún gáìdì pé ẹ máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa pariwo "ẹ̀jẹ̀ Jésù" lé èéfín onílé lórí, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò dáa.

Inú igbó gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn. Gáìdì á já ewé kan, á ní kẹ́ ẹ bomi díẹ̀ si, kẹ́ ẹ fọwọ́ méjèèjì ra á, ẹ ó rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófòó funfun, ọwọ́ á mọ́ rekete. Á mú òkúta odò, á fomi gbo ó lára òkúta míì títí tó fi máa di ọ̀dà pupa tàbí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fi kun ara. Èso kan tún wà, black bean, májèlé ni ní tútù. Àwọn àgbà wọn máa ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi tó ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan kí oró ẹ̀ bómi lọ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti ṣeé jẹ, ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sàn ju "ṣẹ́ ẹ ṣì ń gbénú igbó?" lọ.

Ewé tí gáìdì ò bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Gympie-gympie wà níbẹ̀, irun wẹ́wẹ́ ló bo ewé ẹ̀, ìrora ẹ̀ lè wà lára èèyàn fún oṣù mélòó kan, wèrèpè tiwa kéré. Ọ̀nì sì wà nínú odò Daintree, ẹ má ṣe ojú ayé létí omi.

Ìwà ló kù. Bí gáìdì bá pupa, ẹ má sọ pé kò jọ Aboriginal, torí láti bíi 1910 títí dé bíi 1970 nìjọba ń fipá kó ọmọ wọn lọ, pàápàá àwọn ọmọ tí wọ́n bí mọ́ òyìnbó, February 2008 ni Kevin Rudd tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn tó tọrọ àforíjì ní pálámẹ́ńtì. Ìtàn kan wà tí ọkùnrin nìkan ń gbọ́, òmíì wà tó jẹ́ tobìnrin, bí gáìdì bá ní òun ò lè sọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀, àwa tá a mọ Orò ò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì máa dárúkọ òkú wọn. Ẹ má sì lẹ owó mọ́ wọn lórí, ẹ kúkú fi ra ohun tọ́wọ́ wọn ṣe.

Bówó Ọsirélíà ò bá tíì sí, ẹ̀yin ará Kubwa àti Nyanya, ilẹ̀ Gbagyi lẹ ń gbé, ẹ lọ sí Ushafa nítòsí Bwari níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ wá ẹnì kan tó gbọ́ Gbagyi tàbí Hausa dání, kẹ́ ẹ kí baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Ẹ bi àwọn àgbà obìnrin wọn léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ru ẹrù léjìká dípò orí. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ sì mú owó lọ́wọ́, torí POS kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́.