Bí Mo Ṣe Fi Ife Omi Ṣàlàyé Ojú Ìjì Òkun ní Kétu

Lórí fóònù mi ni ọmọ àbúrò mi ti rí fọ́tò Wilma, ìjì òkun tó jà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Ó bi mí pé, "Bàbá Kẹ́hìndé, ta ló dá ihò sí i láàárín?"

Mo ní kó gbé garawa omi kan wá. Mo fi ọmọrogùn rò ó títí omi fi ń pòyì, àárín rẹ̀ sì jìn kòtò. "Ojú rẹ̀ nìyẹn." Àmọ́ garawa kò sọ òtítọ́ tán. Nínú ìjì òkun, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ló ń gbéra lórí omi gbígbóná, tó ń gòkè nínú ìkùukùu tó dúró bí ògiri yí ojú náà ká. Bó ṣe ń di òjò ló ń tú ooru sílẹ̀, ooru yẹn ni oúnjẹ ìjì. Ní àárín, afẹ́fẹ́ ń rọ̀ wálẹ̀, ó ń gbóná, ìkùukùu ń gbẹ, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń mọ́. Ojú Wilma fún títí ó fi ku bíi kìlómítà 4 péré. Ẹlẹ́sẹ̀ á là á já láàárín wákàtí kan. Atẹ́gùn inú ògiri rẹ̀ ńkọ́? Kìlómítà 295 ní wákàtí kan. Kò sí zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa, tó lè sá tó ìdajì rẹ̀.

Fọ́tò tó tẹ̀ lé e ló dà á láàmú: ojú náà ti fẹ̀ kọjá kìlómítà 60. Garawa kò lè ṣe ìyẹn. Mo bá kó àwọn ọmọ agboolé jọ, márùn-ún ṣe òrùka inú, mọ́kànlá yí wọn ká. Ife omi ń ti ẹ̀gbẹ́ àmù bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọwọ́ àwọn ti ìta ló sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́ àwọn ti inú ń rí mu, wọ́n ń sáré yí po. Lẹ́yìn náà mo ní kí àwọn ti ìta máa mu ún tán. Ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ọmọbìnrin kan ń yọ́ omi fún àbúrò rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìjì kì í ní àbúrò. Nígbà tí a tún un ṣe, òùngbẹ gbẹ àwọn ti inú, wọ́n ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku òrùka ìta pẹ̀lú ihò gbàràmù láàárín.

Bí ògiri tuntun tó yọ yí ti àtijọ́ ká ṣe ń pa á nìyẹn: òun ló ń gba ọ̀rinrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Atẹ́gùn máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, àwọn ènìyàn á rò pé ó ti rẹ ìjì. Ibi tó ti ń tanni jẹ nìyẹn, nítorí agbègbè tí atẹ́gùn líle ń dé ti gbòòrò sí i. Bí omi òkun bá sì ṣì gbóná, òrùka tuntun lè fún wọlé, kí atẹ́gùn tún le. Mo ní kí wọ́n di ọwọ́ mú, kí wọ́n máa sún wọlé bí wọ́n ṣe ń sáré. Ẹsẹ̀ wọn yá lójijì, èyí tó kéré jù ṣubú, ẹ̀rín sọ.

Ìyá mi gbọ́ ariwo, wọ́n jáde, wọ́n yọjú wo inú àmù. "Ta ni yóò pọn omi yìí padà fún mi?"

Òrùka inú, òrùka ìta, gbogbo wọn ló sá.