Ẹ Má Fi Omi Pa Òdòdó Òjò Àkọ́rọ̀

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ní orílẹ̀-èdè Benin, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òdòdó pupa kan a máa yọ lábẹ́ igi nínú igbó, nígbà mìíràn kí ewé rẹ̀ tó jáde. Ọ̀pá kan ló ń nà sókè, orí rẹ̀ a rí roboto, òdòdó wẹ́wẹ́ tó kóra jọ síbẹ̀ sì lè tó 200. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Scadoxus multiflorus. Lójú tèmi, ó yẹ ọgbà ilé wa ju ọ̀pọ̀ òdòdó tí a ń rà lọ.

Àṣìṣe tó ń pa á jù ni bíbomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti dá, ewé rẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, á wó lulẹ̀. Kò kú o. Kókó rẹ̀, ìyẹn ìdí rẹ̀ tó wú bí àlùbọ́sà, ló ń sinmi nínú ilẹ̀, ó sì fẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Ẹni tí àánú ewé gbígbẹ yẹn bá ṣe, tó wá ń da omi sí i láràárọ̀, ńṣe ló ń jẹ́ kí kókó náà rà. Bó bá wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí ilẹ̀ yín tutù nítorí ọ̀sà, ìkòkò ni kí ẹ kúkú lò.

Ẹ má sì gé ewé tútù rẹ̀ torí pé òdòdó ti rọ. Ewé yẹn ló ń pèsè oúnjẹ tí kókó yóò fi yọ òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má rì í jìn. Ọrùn kókó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ẹ má máa hú u kiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wú u nínú igbó. Ẹ já díẹ̀ nínú èso rẹ̀ tó pọ́n, kí ẹ bọ́ ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ tẹ hóró rẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó mọ́ wa lára láti sá irúgbìn gbẹ, ṣùgbọ́n èyí ń kú bó bá gbẹ. Ó lè tó ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọ òdòdó.

Gbogbo ara rẹ̀ ló lóró, kókó rẹ̀ sì jọ àlùbọ́sà. Ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, ẹ má kó o sílé ìdáná, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀. Bí ọmọdé bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú èyí tó jẹ dání fún dókítà.